Mọ́tò àtijọ́ tó kọ̀ láti sítáàtì ní Àgbádárìgì: ẹ fura sí iyọ̀ òkun kí ẹ tó ra bátìrì

Bátìrì ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi ní àárọ̀ tí mọ́tò bá kọ̀ láti sítáàtì. Bátìrì náà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ rà. Bí ìyẹn kò bá yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n á pààrọ̀ kíìkì-sítátà. Bí kò bá tún yanjú, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ra kọ́ìlì. Nígbà tí wọn yóò fi rí i pé wáyà kan ṣoṣo tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ ló ti jẹ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, owó tí ì bá san owó ilé-ìwé ọmọ ti wọ àpò ẹlòmíràn. Kò sí ibi tí irú èyí kò ti lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ní etíkun Àgbádárìgì, títí dé ẹnubodè Ṣẹ́mẹ̀, ó ní ohun kan tó ń dá kún un tí àwọn ará Ìbàdàn tàbí Ìlọrin kò ní. Iyọ̀ òkun ni.

Ìlú Àgbádárìgì kò fara kan òkun tààrà. Ọ̀sà ló wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ tóóró Gbẹ̀rẹ̀fú, kí ó tó wá kan Òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Bí ìgbì bá ti ń fọ́ létí iyanrìn, ó ń ta omi wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sókè, atẹ́gùn á sì gbé e wọ inú ìlú. Omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á sì bà lé ohun gbogbo, títí kan abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Iyọ̀ sì ní ìwà kan tí gbogbo ẹni tó ń dáná mọ̀ dáadáa: bí ojú ọjọ́ bá rin, òun náà á rin, á máa ṣomi nínú agolo. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ni iyọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra, òru tó sì ń kọjá ìwọ̀n yẹn ní Àgbádárìgì pọ̀ lọ́dún. Omi iyọ̀ yìí ń jẹ irin, ó ń jẹ bàbà inú wáyà, ó sì tún ń gbé iná lọ síbi tí wọn kò rán an. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ̀sán, kó sì kọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Irú mọ́tò tó wà ní agbègbè náà tún dá kún un. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọjọ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí Beetle tí tolórí-tẹlẹ́mù mọ̀ sí Ìjàpá ti ń jáde. Ọdún yẹn kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tí 504 sì di mọ́tò ọ̀gá ìjọba àti mọ́tò akérò. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà lójú títì. Àwọn tó pọ̀ jù báyìí ni tòkunbọ̀, Toyota, Honda, Nissan àti Mazda tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìgbà pípẹ́, èbúté Kútọnu ni wọ́n ń já ọ̀pọ̀ irú wọn sí kí wọ́n tó gba Ṣẹ́mẹ̀ wọlé, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2017. Ohun tí àwọn tó ń rà wọ́n kì í sì í rò ni pé mọ́tò tó ti Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì wá ti lè jẹ iyọ̀ yó kó tó dé, nítorí pé iyọ̀ ni wọ́n máa ń fọ́n sójú títì lọ́hùn-ún nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì. Èyí tí omi ti mù rí ní Amẹ́ríkà burú ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fọ̀ ọ́ tí ó ń dán, kí ẹni tó fẹ́ rà á ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kó wo ibi tí wáyà ti so kọ́ra lábẹ́ ìjókòó, kó sì lo imú rẹ̀.

Fún awakọ̀ tó ń kó ẹja àti àgbọn lọ sí Máìlì 2, àárọ̀ kan tí mọ́tò kò dáhùn, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Fún ẹni tó fẹ́ gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru, ọ̀rọ̀ náà ju iṣẹ́ lọ. Ó yẹ kí onímọ́tò mọ ìwọ̀nba tó lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ kí mẹkáníìkì tó dé.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, etí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó bá kọ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí kò dún rárá yàtọ̀ sí èyí tó dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dákẹ́. Èyí tó ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́" bí ẹni tí òtútù mú yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, ọ̀tọ̀ pátápátá ni tirẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀nà tí iná ń gbà dé kíìkì-sítátà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Nínú ti ìkẹyìn, kíìkì-sítátà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Iná pọ́lọ́ọ̀gì tàbí epo ló kù láti wá. Mẹkáníìkì tó bá ń tú kábúrétọ̀ mọ́tò tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti kẹ́kẹ́kẹ́, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù létí òkun. Kí onímọ́tò tan iná iwájú, kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá ṣú lọ fẹ́ẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, agbára ń lọ ṣùgbọ́n kò tó. Ó lè jẹ́ pé bátìrì ti gbẹ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó kún dáadáa, ṣùgbọ́n tí ibi tí ó ti so mọ́ mọ́tò kò mọ́. Kí ó wo orí bátìrì méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́mínà. Bí ó bá hu èbu funfun tàbí aláwọ̀ ewé, tàbí tí ó ń mì nígbà tí wọ́n fọwọ́ yí i, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó mọ́ lókè pàápàá lè ní nǹkan dúdú tínrín láàárín òjé bátìrì àti irin tó dì í mú, nǹkan náà kì í sì í jẹ́ kí iná púpọ̀ kọjá. Iná rédíò kéré, ó lè yọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ti kíìkì-sítátà pọ̀, kò lè gba ibẹ̀. Òun ló fà á tí rédíò fi ń kọrin nínú mọ́tò tí kò lè sítáàtì.

Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, ti òdì, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ àmì ìyọkúrò sí, ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, kí sípánà tó bá ṣèèṣì kan ara mọ́tò má baà dá iná sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń dá wọn padà, òun ni kí ó kẹ́yìn. Omi gbígbóná tí wọ́n bu sódà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì sí máa ń pa oró ásíìdì tó wà nínú èbu náà. Káún tí àwọn ìyá fi ń se ẹ̀wà náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣọ́ra kí omi náà má wọ inú bátìrì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí òjé á fi dán, kí wọ́n so ó le, kí wọ́n tó wá fi gírísì kùn ún lókè. Ẹni tó bá fi gírísì sáàárín kó tó so ó ti ń dí ọ̀nà tó fẹ́ là.

Bí orí bátìrì bá mọ́ tí mọ́tò kò sì dáhùn, ibì kan kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé: wáyà áàtì. Iná tó bá jáde láti inú bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Orí irin mọ́tò ni ó ń gbà padà. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi wáyà nípọn kan so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò tàbí mọ́ bátìrì. Lára Ìjàpá, ìdí gíáàbọ́ọ̀sì ni tirẹ̀ wà, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi títì ti ń fọ́n sí i lójoojúmọ́. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń gbà bọ́ sílẹ̀, níbi tí ojú kò ti lè tètè rí i. Bí ibi tí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ bá dógùn-ún, mọ́tò á máa ṣe bí ẹni pé bátìrì rẹ̀ ti kú.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, kò sì náni ní nǹkan. Kí wọ́n mú ọ̀kan nínú wáyà tí wọ́n fi ń gba iná láti ara mọ́tò mìíràn, kí wọ́n fi orí rẹ̀ kan mú ẹ̀gbẹ́ òdì bátìrì, kí wọ́n fi ìkejì mú irin mímọ́ kan lára ẹ́ńjìnnì, kúrò nídìí ohun tó ń yí, kí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí mọ́tò bá sítáàtì, a ti mú olè náà. Ríwáyà tó ní mítà lè ṣe é lọ́nà mìíràn: kí ó fi ẹnu mítà kan sí òdì bátìrì, ìkejì sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn máa yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ohun tó ju ìdajì fóltì hàn, wáyà áàtì ń jẹ iná tó yẹ kó dé kíìkì-sítátà. Wáyà tó rí mọ̀rọ̀ǹmọ̀rọ̀n lóde tún lè ti jẹra nínú. Bí ó bá le gan-gan tàbí tó wú nítòsí orí rẹ̀, kí wọ́n la rọ́bà rẹ̀ díẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ yẹ kó pọ́n, kó dán. Bí ó bá dúdú tàbí tó di àwọ̀ ewé, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ bátìrì gan-an tó kàn. Èyí tó kún tó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀ máa ń fi nǹkan bí fóltì 12.6 hàn. Èyí tó wà ní 12.2 ti dé ìdajì; èyí tó wà lábẹ́ 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ṣùgbọ́n iye yìí nìkan kò tó. Bí ó bá fi 12.6 hàn, tó sì já wálẹ̀ kọjá 9.6 gidi gan-an nígbà tí kíìkì-sítátà ń fà á, agbára kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ooru ló ń tètè pa bátìrì, nítorí náà, èyí tó ń lò lẹ́bàá òkun wa kì í sábà pẹ́ tó èyí tó wà nílẹ̀ òtútù. Omi dísítílìlì nìkan ni wọ́n ń bù sí èyí tó ní ìdérí tó ṣeé ṣí. Omi kànga kò dára sí i, pàápàá ti etíkun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ásíìdì tuntun tí àwọn kan ń dà sí i nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ kì í sọ ọ́ di ọ̀tun, ṣe ló ń jẹ òjé inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ìṣáná tàbí kó mu sìgá nítòsí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbaná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá ń fi bátìrì mọ́tò mìíràn ran èyí tó gbẹ lọ́wọ́, wáyà pupa ni wọ́n ń kọ́kọ́ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àmì ìròpọ̀ bátìrì méjèèjì. Dúdú á wá tẹ̀ lé e, sí òdì èyí tó dára, orí tó kẹ́yìn á sì lọ sára irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Àwọn tó ṣì ní Ìjàpá ní àfikún ìṣọ́ra kan: abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù, sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì nígbà tí ẹni tó sanra bá jókòó, ìjókòó á sì gbaná.

Mọ́tò tó dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, tí iná iwájú rẹ̀ kò sì ṣú, ń tọ́ka sí kíìkì-sítátà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá rọra fi igi òòlù kan án tó sì dáhùn, bọ́rọ́ṣì inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Oògùn ọjọ́ kan nìyẹn, kí wọ́n má fi rìnrìn-àjò. Èyí tí kò dún rárá, tí iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, kí wọ́n yẹ fíúùsì àti ojú kọ́kọ́rọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ oní-gíà aládàáṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé gíà sí N kí wọ́n tún gbìyànjú. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tì kó sítáàtì, bó ti wù kí àwọn ọmọ àdúgbò pọ̀ tó.

Nísinsìnyí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ṣùgbọ́n tí kò dáhùn. Kí wọ́n má ṣe máa yí i lọ títí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó, kí wọ́n sì jẹ́ kó sinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣòro kan á di méjì. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ́yìn òjò, kí wọ́n fura sí ọ̀rinrin lórí disitiríbútọ̀ àti wáyà pọ́lọ́ọ̀gì. Iná tó ń lọ sí pọ́lọ́ọ̀gì lágbára púpọ̀, bí ó bá sì rí omi iyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ rọ́bà wáyà, á gba orí rẹ̀ sá lọ sára irin. Nínú òkùnkùn, wọ́n lè rí i bó ṣe ń ta pàrà láwọ̀ búlúù lára wáyà, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ti pa kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n ṣí ìdérí disitiríbútọ̀, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu inú àti ìta rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ní ìlà dúdú tóóró bí irun. Ìlà yẹn ni ojú ọ̀nà tí iná ti là. Kò sí nínù tó lè pa á rẹ́. Ìjàpá àti 504 tún ní kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì tó máa ń jó lójú. Sáńpépà tín-ín-rín lè gbà á fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tuntun ló máa yanjú rẹ̀.

Bí iná bá wà, epo ló kù. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló sì bàjẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá kan kúrò lábẹ́ igba náírà tó sì fò kọjá 480, ọ̀pọ̀ onímọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwọ̀nba tó máa gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ. Táǹkì tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nígbà gbogbo kò dára fún mọ́tò tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú táǹkì, nítorí epo tó yí i ká ló ń mú un tutù, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì sì ni á máa fà. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, láìtíì sítáàtì, pọ́ǹpù yẹ kó kùn díẹ̀ bí oyin. Bí kò bá kùn, fíúùsì rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà, wáyà áàtì tirẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, tí iyọ̀ kò yọ sílẹ̀.

Àṣà kan wà tó yẹ kó dópin: dída bẹntiróòlù sẹ́nu kábúrétọ̀ láti inú ike nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì lè tú iná padà gba ẹnu ibẹ̀, ọwọ́ àti ojú ẹni tó di ike mú ni yóò sì kọ́kọ́ bá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo ń dé ẹnu kábúrétọ̀ lè ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kó fa okùn tọ́rọ́tù, kó sì wò ó bóyá epo ń tu jáde. Bí òórùn epo bá sì gba ibi gbogbo kan, epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tẹ ìtẹ̀ tọ́rọ́tù dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n má pọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó fúyẹ́ bí ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí táímìnì-bẹ́líìtì ti já. Kí wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí nínú ẹ́ńjìnnì kan, yíyí rẹ̀ lè tẹ fáfù. Bí àmì kọ́kọ́rọ́ bá sì ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà mọ́tò kò dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀. Ríwáyà tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni kí wọ́n pè, kì í ṣe mẹkáníìkì.

Ẹni tó ń gbé nítòsí omi lè dín gbogbo wàhálà yìí kù. Omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ó máa fi fọ abẹ́ mọ́tò, pàápàá bí ó bá ti gbé e dé orí iyanrìn etíkun. Kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò ta omi lagbára sórí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì máa tú wáyà áàtì, kí wọ́n ha á, kí wọ́n kùn ún ní gírísì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ó fi kálámù tí kì í parẹ́ kọ oṣù àti ọdún tó ra bátìrì sí ara rẹ̀. Ní ìgbà mìíràn tí mọ́tò bá dún kẹ́kẹ́kẹ́, tí ẹni tó ń tà á sì ń sọ pé bátìrì náà ti gbó, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ jọ kà.